Irùngbọ̀n Tó Ń Pẹ́ Hù

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, bí agbára bá ń dín lára ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúkọ mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ pè é. Wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kò bá ràn án, wọ́n á ní ogbó ni, kí bàbá gba kámú. Bí bàbá náà bá wá lówó díẹ̀ lọ́wọ́, tàbí tó fẹ́ ìyàwó kékeré, orúkọ kẹta á wọlé: ayé ti ṣe é. Mo ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nípa ara mi kí n tó gbọ́ ìkẹrin lẹ́nu dókítà. Testosterone ni wọ́n ń pè é, hòmóònù tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin. Tèmi ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni ọdún 66 ni mí. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà tó wà lẹ́bàá ìlú wa ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìdí òṣùwọ̀n ni mo wà, níbi tí wọ́n ti ń wọn ìrèké tí ọkọ̀ bá kó dé láti oko. Lẹ́yìn náà mo padà sídìí iṣu àti kajú bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìlú yìí. Àtọ̀gbẹ ti wà lára mi ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán, wọ́n ní nínú gbogbo ṣúgà tí mo wọ̀n fún ilẹ̀ Benin, tèmi ló kù sí mi lára.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kì í ṣe ohun tí ẹ̀ ń rò. Irùngbọ̀n mi ni. Ọmọkùnrin tó ń fá a fún mi nítòsí ibùdókọ̀ ló bi mí léèrè lọ́jọ́ kan: "Bàbá, a ò rí yín mọ́. Àbí ẹ ti rí onígbàjámọ̀ míì ni?" Mi ò rí onígbàjámọ̀ míì. Láyé ìgbà kan, bí mo bá fá irùngbọ̀n lọ́jọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀ ó ti ń gún ọwọ́. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, ọ̀sẹ̀ méjì á kọjá kí abẹ tó rí nǹkan gé. Ìgbà tó sọ ọ́ ni mo tó kíyè sí àwọn yòókù. Apá mi ti rọ̀. Ebè iṣu tí mo máa ń kọ tán kí oòrùn tó mú, mo ní láti gba alágbàṣe sí i. Bí mo bá jẹun ọ̀sán tán, oorun á gbé mi lọ bí ẹni tó jẹ májèlé. Lóru, ooru kan á ṣàdédé bò mí, aṣọ á rin gbingbin, nígbà tí ọyẹ́ ń mú gbogbo ilé. Ohun tí Ọlọ́run fi ń jí ọkùnrin láàárọ̀ kùtù kò jí mi mọ́, èyí tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé kò dùn mí. Ìfẹ́ náà gan-an ti bá tirẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi ló là á. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ lọ rí dókítà. Kì í ṣe tìtorí tèmi o, èmi náà ti dàgbà. Ẹ ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ ọmọ láìnídìí, ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Kò sí ẹni tó máa sọ pé òun kò rí oògùn ọkùnrin rà ní ìlú wa. Sódàbì, ògógóró wa, tí wọ́n rẹ egbò sí wà káàkiri, orógbó àti atare ń bẹ lọ́jà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sì ń ta kóró oògùn tí a kò mọ ibi tó ti wá. Ní Kotonu gan-an ni Jacques Chirac, tó ti jẹ ààrẹ Faransé rí, ti ké gbàjarè sí gbogbo ayé ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2009 nípa ayédèrú oògùn. Ní 2017, ìjọba Benin lé àwọn tó ń ta oògùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kúrò ní Adjégounlè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Dantokpa ní Kotonu. Síbẹ̀, oògùn ń gba ẹ̀yìn wọlé. Èyí tó burú jù fún ọ̀rọ̀ tiwa yìí ni tramadol. Àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń kọ ebè ń lò ó kí ó má baà rẹ̀ wọ́n, àwọn míì ń lò ó kí wọ́n lè pẹ́ lórí obìnrin. Dókítà ní ẹni tó bá ń lo irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ rẹ̀ á dẹ́kun àṣẹ tó ń pa fún kóró ẹpọ̀n, testosterone á sì lọ sílẹ̀. Ọtí líle tí ènìyàn bá ń mu lójoojúmọ́ náà ń dín in kù. Ohun tí ẹni náà ń wá gan-an ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé lọ.

Dókítà tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ mi kéré sí mi dáadáa, ó lè jẹ́ ọmọ mi kẹta. Mo sọ ti oorun àti ti àárẹ̀ fún un, mo fi èyí tó kù pamọ́. Ó wo ojú mi díẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní: "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ìfẹ́ obìnrin ńkọ́? Láàárọ̀ kùtù ńkọ́? Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀ gan-an ńkọ́?" Mo ní, "Dókítà, gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì káàánú mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń kọ ibà. Àṣé ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ṣe pàtàkì. Àárẹ̀, inú bíbí àti ìgbàgbé lè wá láti ibi ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n bí mẹ́ta yìí bá pé sójú kan, wọ́n máa ń tọ́ka sí hòmóònù náà ju ohunkóhun lọ.

Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ rí kò nílò ìwé kó tó mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Òbúkọ tí a bá tẹ̀ lọ́dàá á sanra, òórùn òbúkọ á kúrò lára rẹ̀, kò ní kan ẹlòmíràn mọ́, kò ní lé abo kiri àdúgbò. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé kóró ẹpọ̀n ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Bó ṣe ń rìn dé ara ni kò sẹ́ni tó mọ̀. Ní 1849, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Arnold Berthold, ní ìlú Göttingen, yọ kóró ẹpọ̀n àwọn ọmọ àkùkọ mélòó kan. Àwọn tó yọ ọ́ fún tó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ogbe orí wọn rọ, wọn kò kọ bí àkùkọ mọ́. Àwọn tó dá kóró padà sínú ikùn wọn, níbi tí kì í ṣe ibi tí Ọlọ́run fi í sí tẹ́lẹ̀, ń kọ, wọ́n ń jà, wọ́n sì ń gun abo. Ohun kan wà tí kóró náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé e kiri.

Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 1889, àgbà dókítà kan tí wọ́n bí ní erékùṣù Mauritius, Charles-Édouard Brown-Séquard, dìde láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris. Ẹni ọdún 72 ni. Ó ní òun ti ń gún ara òun lábẹ́rẹ́ omi tí òun fún láti inú kóró ẹpọ̀n ajá àti ti àwọn ẹranko kéékèèké kan, pé agbára òun ti padà, òun tún ń sáré gun àtẹ̀gùn. Ìròyìn náà tàn káyé, àwọn àgbà ọkùnrin sì ń dù ú. Lónìí a mọ̀ pé testosterone kì í yòrò dáadáa nínú omi, pé kóró ẹpọ̀n kì í sì í tò ó jọ sínú bí ẹni tó ń tò ó sínú àká. Èyí tó wà nínú omi tó ń gún kò lè ṣe ohunkóhun. Ìgbàgbọ́ ló gbé bàbá náà dìde. Ní 1920, Serge Voronoff náà bẹ̀rẹ̀ sí í rán ègé kóró ẹpọ̀n ọ̀bọ mọ́ ti àwọn olówó ní Paris. Mo máa ń rántí àwọn méjì yìí bí ọ̀mọ̀wé kan bá ń fi àgbo wa ṣẹ̀sín.

Ọdún 1935 ni ọ̀rọ̀ náà wá dójú ọ̀nà. Ní Amsterdam, Ernst Laqueur àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ hòmóònù náà gan-an láti inú kóró ẹpọ̀n akọ màlúù, wọ́n sì fún un lórúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Lọ́dún kan náà, Adolf Butenandt ní Jámánì àti Leopold Ruzicka ní Switzerland rí ọ̀nà láti ṣe é láìlo kóró ẹpọ̀n ẹranko. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1939, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Hitler kò jẹ́ kí Butenandt lọ gbà á nígbà náà.

Gbogbo ìtàn yìí, dókítà mi kò sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo wá a rí lórí fóònù mi ní alẹ́ tí oorun kò wá. Ohun tí òun sọ fún mi kò ju báyìí lọ: ọpọlọ ló ń pàṣẹ, kóró ẹpọ̀n ló ń ṣe é. Láti ìgbà tí ọkùnrin bá ti tó nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n sí ogójì ọdún, testosterone máa ń dín ní bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún nínú ara ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kì í sì í ṣe àìsàn. Àìsàn ni ti ẹni tí tirẹ̀ bá já wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ara rẹ̀ sì ń sọ ọ́. Ohun tó lè mú kó já wálẹ̀ pọ̀: ẹni tí sègede wọ̀ mọ́ ọn lẹ́pọ̀n nígbà èwe, ẹni tó ṣèṣe níbẹ̀, ẹni tí kókó kan wà lábẹ́ ọpọlọ rẹ̀, ẹni tó sanra jù, ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà. Ó wo ikùn mi, ó wo ìwé àtọ̀gbẹ mi, kò sọ nǹkan kan. Mo gbọ́ ọ.

Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe lára àwọn ọkùnrin tó lé ní 3,000 ní Yúróòpù, ẹni ọdún 40 sí 79, jáde ní 2010. Àwọn tí èsì ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ tí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí dókítà bi mí léèrè yẹn sì pé sí lára jẹ́ bí ẹni méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: méjì. Gbogbo ọkùnrin ló ń darúgbó, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ testosterone tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe abẹ́rẹ́ ogbó. Abẹ́rẹ́ àìtó ni, bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ pé, tó wá ń gún un nítorí pé ó fẹ́ padà di ọmọ ogún ọdún, owó ló ń ná, ìṣòro ló sì ń rà.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í wo ojú ènìyàn gún un. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ṣáájú, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àárọ̀ ni wọ́n ń gbà á, láàárín aago méje sí mẹ́wàá, láìjẹun, nítorí pé àárọ̀ ni hòmóònù náà máa ń ga, tó bá di ọ̀sán á ti wálẹ̀. Ẹni tí ibà ń ṣe lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe é, nítorí àìsàn èyíkéyìí máa ń fà á wálẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bí tàkọ́kọ́ bá lọ sílẹ̀, wọ́n á tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Kotonu ni wọ́n ní kí n lọ ṣe tèmi. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 250 kìlómítà, ẹni tó bá wọkọ̀ láàárọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò lè débẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù, nítorí náà mo lọ sùn sílé ọmọ mi obìnrin ní àdúgbò Akpakpa. Ọmọ náà jí ní kùtù, ó gbé kókó gbígbóná àti àkàrà síwájú mi. Mo ní mi ò ní jẹun. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe?" Kí ni bàbá á sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin? Mo ní àyẹ̀wò ṣúgà ni, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan nǹkan. Ó fi àkàrà náà wé ìwé fún mi, mo jẹ ẹ́ tútù lórí ọ̀kadà tí a ń pè ní sẹ́mìjáàn nígbà tí mò ń bọ̀ láti ibi àyẹ̀wò, ó sì dùn.

Èsì wa níbí, bíi ti àwọn Faransé, nánógíráàmù nínú mílílítà kan ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà gbà pé ohun tó bá ti wá sísàlẹ̀ 3 ti kéré. Àwọn ará Yúróòpù a máa wò ó dáadáa láti nǹkan bí 3.5 wálẹ̀. Tèmi jẹ́ 1.9 nígbà àkọ́kọ́, 2.2 nígbà kejì. Wọ́n tún yẹ àṣẹ tó ń ti ọpọlọ wá wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọ̀gá ni kò pàṣẹ tàbí ọmọ iṣẹ́ ni kò ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ mi, ọ̀gá ni kò pàṣẹ tó, bó ṣe máa ń rí lára ọ̀pọ̀ ẹni tó sanra tí àtọ̀gbẹ ń ṣe. Wọ́n wá wò ó bóyá kókó wà níbẹ̀. Kò sí.

Mo rò pé abẹ́rẹ́ ló kàn. Rárá o. Dókítà ní kí n kọ́kọ́ gbé ikùn yìí wálẹ̀ ná, nítorí pé ọ̀rá ikùn máa ń sọ testosterone di hòmóònù obìnrin, ẹni tó bá sì fọn díẹ̀, tirẹ̀ á gòkè fúnra rẹ̀, nígbà míì kò ní nílò abẹ́rẹ́ rárá. Mo dín iyán kù. Ẹni tí kì í bá í ṣe ará Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní mọ ohun tí mo sọ yẹn. Mò ń rìn láàárọ̀ yí ìdí òkè ká, láàárín àwọn àpáta ńlá wa wọ̀nyẹn. Ṣúgà mi wálẹ̀ dáadáa, testosterone náà gòkè díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ibi tó yẹ, àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà níbẹ̀. Ìgbà náà ni a tó jókòó sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Ó sọ ohun tó mọ̀ fún mi láìfi ọ̀rá sí i. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ọkùnrin 790 jọ, ẹni ọdún 65 sókè, tí hòmóònù wọn kéré. Fún ọdún kan, wọ́n fún àwọn kan ní ìpara testosterone, wọ́n fún àwọn yòókù ní ìpara tí kò ní nǹkan kan nínú. Nígbà tí èsì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2016, ìfẹ́ obìnrin àti agbára ibùsùn sàn díẹ̀ fún àwọn tó gba ojúlówó, inú wọn náà dùn díẹ̀ sí i. Okun láti fi rìn jìnnà kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé àìtó ẹ̀jẹ̀ wọn dára sí i, eegun wọn nípọn sí i, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn náà pọ̀ sí i. "Díẹ̀" ni dókítà ń tẹnu mọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, nítorí gbogbo ẹni tó ti tà mí ní nǹkan rí kò sọ "díẹ̀" fún mi.

Ti ọkàn yẹn ló bà á lẹ́rù fún èmi alátọ̀gbẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà kò mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ yìí ń pa ọkàn. Ní 2023, èsì ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní TRAVERSE jáde: àwọn ọkùnrin tó lé ní 5,200, ẹni ọdún 45 sí 80, tí ọkàn wọn ti ní ìṣòro tàbí tó súnmọ́ ọn. Àwọn tí àrùn ọkàn pa tàbí tí ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ bá jẹ́ 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn tó gba testosterone, ó jẹ́ 7.3 lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbà á. Kò pọ̀ sí i, ìyẹn tu ọ̀pọ̀ lára. Ṣùgbọ́n ọkàn tó ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ tó dì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ìṣòro kíndìnrín pọ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún rí i pé eegun wọn ń dá ju ti àwọn yòókù lọ, èyí tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu.

Ó wá kan prostate, ẹ̀yà kékeré tó wà lábẹ́ ilé ìtọ̀ ọkùnrin. Ní 1941, Charles Huggins ní Chicago fi hàn pé bí a bá mú testosterone kúrò, jẹjẹrẹ prostate á rọlẹ̀; ó gba Nobel fún un ní 1966. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá gba testosterone ń bọ́ jẹjẹrẹ. Ìwádìí 2023 yẹn kò rí i pé jẹjẹrẹ prostate tó le pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tó gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tí jẹjẹrẹ náà ti wà lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwa adúláwọ̀ náà ni ó máa ń mú jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní PSA: ẹni tí tirẹ̀ bá ju 4 lọ kí ó dúró kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, fún adúláwọ̀ tàbí ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní in, láti 3 ni. Tèmi jẹ́ 1.1. Lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀, ìka ló kù. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó ní kí n yí ẹ̀gbẹ́, kí n mí kanlẹ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi pé kò dùn mí tó bí mo ṣe bẹ̀rù rẹ̀, ó sì parí kí n tó ka ogún. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé òun á kú kí ẹnikẹ́ni tó fi ìka kan òun níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ìyẹn náà ṣeé ṣe.

Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í fún: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti nípọn jù, ẹni tí rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù láàárín oṣù mẹ́fà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè gbé ẹ̀jẹ̀ mọ́, ẹni tó ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun tí kò tíì tọ́jú rẹ̀. Àti ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀. Bí ọpọlọ bá rí testosterone tó ti ìta wọlé, yóò rò pé ó tó, yóò dá àṣẹ rẹ̀ dúró. Kóró ẹpọ̀n á sùn, á súnkì, kò sì ní ṣe irúgbìn ọmọ mọ́. Ọmọkùnrin tó ń gbé irin tó sì ń gún ara rẹ̀ kí apá rẹ̀ lè tóbi lè wá di ẹni tó ń wá ọmọ kiri ilé aláàfáà àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n á sì kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún ni kò dọ́gba. Ìpara wà tí ènìyàn ń fi pa èjìká láràárọ̀. Àbúrò mi tó wà ní Faransé ń lò ó, kì í gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra kó tó wọ aṣọ, nítorí ó lè ran ọmọdé, irun àti ohùn ọkùnrin á jáde lára ọmọ tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Nílé tí ọmọ ọmọ bá ń fò mọ́ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bíi tèmi, ìpara kò ṣeé lò. Abẹ́rẹ́ ńlá kan wà tó ń pẹ́ lára, wọ́n ń gún un ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá síra. Èyí tí mo rí rà ní ilé-oògùn ni ti 250 mílígíráàmù, tí wọ́n ń pè ní enanthate, tó ń lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì tó gún mi lákọ̀ọ́kọ́ jẹ́ ọmọdébìnrin tí mo mọ bàbá rẹ̀. Òróró ni wọ́n fi pò oògùn náà, kì í ṣàn bí omi, nítorí náà ó di ìgò kékeré náà mú sínú àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi móoru. "Bàbá, ẹ dẹ ìdí yín, ẹ má le," ló ń wí. Ó rọra tì í wọlé, kò kánjú, ó tó bí ìgbà tí ènìyàn á ka Àdúrà Olúwa dé àárín. Kò ta mí. Ibẹ̀ kàn wúwo títí di ọjọ́ kejì, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó ní ìpàdé ìdílé, tí ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí pé ta ló nà mí.

Ohun tó tètè padà ni ìfẹ́, láàárín oṣù kan. Agbára rẹ̀ pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e, kò sì padà tán. Dókítà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: àtọ̀gbẹ ti ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké jẹ́ níbẹ̀, testosterone kò sì lè tún òpó ṣe. Ooru òru lọ. Inú mi rọ̀, ìyàwó mi ló jẹ́rìí sí ìyẹn. Apá mi le díẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nítorí pé mo tún padà sídìí ọkọ́. Ẹni tó bá jókòó lásán, abẹ́rẹ́ kò ní fi iṣan sí i lápá. Onígbàjámọ̀ mi ti ń rí owó mi gbà.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni bó ṣe ń gùn tó ń sọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ara mi á yá gágá, mo lè bínú kíákíá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń wálẹ̀, oorun ọ̀sán á padà. Bí abẹ́rẹ́ yìí ṣe máa ń rí nìyẹn: á ga ju bó ṣe yẹ lọ ní ọjọ́ mélòó kan, á sì ṣubú kí òmíràn tó dé.

Ohun kejì tí mi ò fẹ́ràn ni ti ẹ̀jẹ̀ mi. Testosterone máa ń mú kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa púpọ̀, abẹ́rẹ́ sì máa ń ṣe é ju ìpara lọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa mi jẹ́ 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ti di 53. Bó bá kọjá 54, wọn á dá abẹ́rẹ́ dúró, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó nípọn bẹ́ẹ̀ lè dì. Mi ò mọ nǹkan kan lára, orí kò fọ́ mi, ojú kò ṣú mi. Dókítà dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó sì gé àlàfo rẹ̀ kúrú, èyí tó tún wá jẹ́ kí gígùn àti sísọ̀ náà dín. Ó ti wálẹ̀ sí 49. PSA náà ni a ń ṣọ́: bí ó bá fò sókè ju 1.4 lọ láàárín ọdún kan, dókítà prostate ló kàn. Ẹni tó ń ra abẹ́rẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹni tó gbé àpótí kiri, tí kì í ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ti di ọbẹ̀ ilá? Owó àyẹ̀wò náà ju ti abẹ́rẹ́ lọ, mi ò ní tàn yín. Ó sì yẹ kí ènìyàn ṣe ìṣírò rẹ̀ pọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ti gbọ́ máa ń wá sọ́dọ̀ mi lálẹ́, bí wọ́n bá ti rí i pé èmi nìkan ni mo wà níta. Ìbéèrè kan ni gbogbo wọn máa ń bi mí: ṣé títí ayé ni? Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé ẹni tí kóró ẹpọ̀n rẹ̀ bàjẹ́ pátápátá, títí ayé ni. Ti irú èmi, tó jẹ́ pé ọ̀gá ni kò pàṣẹ tó, bí ikùn bá tún wálẹ̀ sí i tí ṣúgà sì dúró dáadáa, ó ṣeé ṣe kí a dá a dúró ká wò ó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá dáwọ́ dúró, díẹ̀ tó ń jáde tẹ́lẹ̀ gan-an ti sùn. Ó lè gba oṣù mélòó kan kó tó jí, mo sì lè sọ̀ ju ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lọ ní gbogbo àkókò náà. Dókítà ní ká yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà tí a bá kórè iṣu tuntun tán, ká tó pinnu. Ìyàwó mi ti sọ pé òun á bá mi lọ lọ́tẹ̀ yìí, òun fẹ́ fetí ara òun gbọ́ ohun tí dókítà máa wí.